Pátẹ́ǹtì àti Àgbo Ilé Wa

Àṣírí ni àwọn bàbá wa fi ń pa ìmọ̀ egbòogi mọ́. Ọmọ ní í jogún rẹ̀, bí bàbá kò bá gbé e lọ sọ́run. Òfin ìjọba ní ọ̀nà mìíràn, èyí tí à ń pè ní pátẹ́ǹtì: ó fún olùṣàwárí ohun tuntun ní ẹ̀tọ́ fún 20 ọdún, kí ẹlòmíràn má baà ṣe é tà láìgbàṣẹ. Ewé fúnra rẹ̀ kò ní pátẹ́ǹtì. Àpòpọ̀ tuntun ni ó lè ní in.

Ẹ wo Niprisan, oògùn tí wọ́n ṣe fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Lọ́wọ́ Àlùfáà P. O. Ogunyale, oníṣègùn ìbílẹ̀ ọmọ Yorùbá, ni NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, ti gba ìmọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti jọ ṣe àdéhùn. Iyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ni wọ́n pò pọ̀. Ta ni kò mọ̀ wọ́n nínú wa? Síbẹ̀, ní 1998, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí pátẹ́ǹtì lórí àpòpọ̀ náà.

Òfin Nàìjíríà wí pé ohun tí a bá ti sọ ní gbangba, ìbáà ṣe lẹ́nu, kí a tó kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́, kì í ṣe tuntun mọ́. Awo tí ó bá ka àgbo rẹ̀ tán sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́jọ́ ọdún Ifá (irú wọn kò wọ́n láàárín wa) ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Bí olùwádìí bá dé, ìwé àdéhùn ni kí ẹ kọ́kọ́ buwọ́ lù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ ìwọ̀n àti bí a ti ń sè é.