Ṣé Ẹlẹ́dẹ̀ Wà Nínú Abẹ́rẹ́ Àtọ̀gbẹ?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni mo ti kó o. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Alhaji kan tí ń ta ẹ̀wà, àbúrò mi tí a jọ ń kírun láti ọdún pípẹ́, fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn mí. Egbò kékeré kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ náà tí ó kọ̀ tí kò jinná. Mo bi í bóyá ó ń gba abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ rẹ̀ déédéé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì wí pé ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òun ti pa á tì, nítorí ẹnì kan sọ fún òun pé ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń fa oògùn náà yọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kí n fi ẹlẹ́dẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ mi kí n tún wá máa forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run?"

Ẹ̀rù bà mí. Ẹni tí ara rẹ̀ kò pèsè insulin mọ́ rárá, tí ó sì pa abẹ́rẹ́ rẹ̀ tì, ọjọ́ díẹ̀ tó láti gbẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ tàbí kíndìnrín rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà. Ẹ̀yà ara kékeré kan tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ nínú ikùn wa ni ó ń ṣe insulin yìí. Òun ni ó ń ṣí ọ̀nà fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kí ó lè wọ inú ara lọ di agbára.

Ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ fún Alhaji kò parọ́. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ó sọ bí ẹni pé ti òní ni. Nígbà tí Banting àti Best rí insulin ní ìlú Toronto ní Kánádà ní 1921, tí wọ́n sì kọ́kọ́ fún ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan ní January 1922, ara ẹran ni wọ́n ti fà á yọ. Fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pa ní ilé ìpẹran ni wọ́n fi ń tọ́jú alátọ̀gbẹ káàkiri ayé. Kí wọ́n tó rí haunsi mẹ́jọ péré, ohun tí wọ́n ń kó jọ lára ẹlẹ́dẹ̀ a máa lé ní tọ́ọ̀nù méjì! Mùsùlùmí ìgbà náà tí kò rí ti màlúù, ọ̀pọ̀ àáfà kò dá a lẹ́bi bí ó bá gba ti ẹlẹ́dẹ̀, nítorí ibi kan náà nínú Suratul Bakọra tí a ti ka ẹlẹ́dẹ̀ léèwọ̀ ni a ti fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ohun mìíràn tí yóò fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là.

Ní 1978 ni ọ̀ràn náà yí padà. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni ó ní àbùdá, èyí tí ó dàbí ìwé àṣẹ tí Ẹlẹ́dàá fi sínú ara wọn, tí ń sọ ohun tí ara yóò ṣe àti bí yóò ti ṣe é. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Genentech àti ti ilé ìwòsàn City of Hope ní California mú ojú ìwé kan ṣoṣo nínú rẹ̀, èyí tí ó ń pàṣẹ insulin ti ènìyàn. Wọn kò gé e lára ẹnikẹ́ni. Kẹ́míkà ni wọ́n fi tò ó jọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń to ilẹ̀kẹ̀. Wọ́n wá fi í sínú irú kòkòrò tín-ín-tìn-ín kan tí ń gbé nínú ìfun, tí ojú lásán kò lè rí. Kòkòrò náà kà á bí ẹni pé tirẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé tí a gbé ìwé lé lọ́wọ́ tí ó ń dà á kọ láìbéèrè ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe insulin. Ní October 1982 ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún títà, oògùn àkọ́kọ́ tí a fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣe. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń lo ìwúkàrà, irú èyí tí a fi ń ṣe búrẹ́dì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ jùlọ insulin tí a ń tà lónìí, ẹni tí ó bá sì ń ṣiyèméjì lè bi apoògùn kí ó ka ara páálí rẹ̀ fún un.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń pe yíyí àbùdá padà ní àyájù sí iṣẹ́ Ọlọ́run. Èmi kì í ṣe mufti, n kò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí wọ́n ń bẹ̀rù yìí gan-an ni ó yọ ẹlẹ́dẹ̀ kúrò nínú abẹ́rẹ́ wa.

Ó ti dé orí fòníkú-fọ̀ladìde pẹ̀lú. Ní November 2023 ni Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Casgevy, Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní December: wọn a gba ohun tí ń pèsè ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn fúnra rẹ̀, wọn a tún àbùdá rẹ̀ ṣe, wọn a sì dá a padà sí i lára. Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀, owó ni èèwọ̀ rẹ̀: mílíọ̀nù méjì ó lé igba ẹgbẹ̀rún dọ́là ni iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà. Àwa tí kò ní irú owó bẹ́ẹ̀, kí á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa wò kí á tó so yìgì.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, àfi bí Alhaji ṣe tún béèrè nípa ọjà rẹ̀. Ó ní àwọn oníbàárà ń bi òun bóyá ẹ̀wà òun jẹ́ èyí tí òyìnbó fi ọwọ́ kàn.

Ọwọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ. Ìdin àfòpiná kan wà tí wọ́n ń pè ní Maruca. Òdòdó ẹ̀wà àti èso rẹ̀ ni ó ń jẹ, ó sì lè jẹ tó ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí àgbẹ̀ ìbá kó. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Samaru, Zaria, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn onímọ̀ láti Ọsirélíà, fi àbùdá kan láti ara kòkòrò tín-ín-tìn-ín inú ilẹ̀ sínú ẹ̀wà. Ìdin tí ó bá jẹ ẹ́, ìfun rẹ̀ a lu, a sì kú. Ìfun ènìyàn kò ní ibi tí ohun náà lè dì mú. Yóò dà bí oúnjẹ yòókù ni. Àgbẹ̀ tí ń fín oògùn ní ìgbà mẹ́jọ lè fín in ní ìgbà méjì, ó sì lè tọ́jú irúgbìn rẹ̀ de ọdún tí ń bọ̀. Ní 2019 ni ìjọba fọwọ́ sí i, wọ́n pè é ní SAMPEA 20-T, ó sì dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ní 2021.

Bí a bá ń sọ ti ohun tí ó wà nínú rẹ̀, n kò rí ohun èèwọ̀ kankan níbẹ̀. Títà rẹ̀ ni mo ní ọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ìtàn Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) tí ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, tí ó rí i pé abẹ́ rẹ̀ tutù, tí ó sì bá ọlọ́jà náà wí. Ẹni tí ń ra kóńgò ẹ̀wà lọ́wọ́ yín ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó wà nínú àpò. Ẹ má sì gbàgbé èyí: ìdin inú oko ni ẹ̀wà yìí ń bá jà, kì í ṣe kòkòrò tí ń lu ẹ̀wà nínú àpò. Àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ni yóò gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da oògùn apakòkòrò olóró lé oúnjẹ lórí.

Alhaji ti padà sórí abẹ́rẹ́ rẹ̀, dókítà sì ti ń tọ́jú ẹsẹ̀ náà. Ó tẹ ẹni tí ń kó ẹ̀wà wá fún un láti òkè Ọya láago, ó sì bi í irú èyí tí ó wà nínú àpò. Ọkùnrin náà ní ọwọ́ àgbẹ̀ púpọ̀ ni òun ti rà á jọ, òun kò lè sọ. Nítorí náà, bí oníbàárà bá bi Alhaji nísinsìnyí, ohun tí ó ń sọ fún wọn ni pé òun kò mọ̀, àti pé òun ti béèrè.