Kí la lè gbìn síbi tí oòrùn kò dé?

Ẹ wo àgbàlá yín dáadáa. Bóyá igi máńgòrò ńlá kan wà níbẹ̀ tó ṣíji bo ilẹ̀. Bóyá ògiri aládùúgbò ga, tí kò jẹ́ kí oòrùn dé ẹ̀yìnkùlé. Ní Àjàṣẹ́, ilé sún mọ́ ilé. Ní Kétu àti ní Ṣábẹ, igi ńlá máa ń wà nínú agbo ilé. Ọ̀pọ̀ ìyá ilé ti gbin tòmátì tàbí ilá sí irú ibẹ̀. Ó hù, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì so. Nígbà náà ni wọ́n á ní ilẹ̀ náà kò dára, tàbí kí baálé ilé mú àáké láti gé igi.

Ẹ dúró ná. Igi máńgòrò yẹn ń fún àwọn ọmọ ní èso, abẹ́ rẹ̀ la sì ti ń sinmi lọ́sàn-án. Bí a bá gé e lónìí, ọdún púpọ̀ ni òmíràn yóò fi dàgbà. Ilẹ̀ náà kò ṣẹ̀. Ohun tí a gbìn ni kò bá ibẹ̀ mu. Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí a wo ibi kí a tó yan ohun tí a ó gbìn.

Kí ni oòrùn ń ṣe fún igi?

Ewé ni ilé ìdáná igi. Gbòǹgbò ń fa omi láti inú ilẹ̀, ewé ń gba afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ni iná tó fi ń se oúnjẹ. Bí iná bá kéré, oúnjẹ á kéré. Ó sì gba oúnjẹ púpọ̀ kí igi tó lè so èso. Ìdí nìyí tí àgbàdo, tòmátì, ata, ilá àti ẹ̀wà fi fẹ́ oòrùn gbangba.

Ṣùgbọ́n àwọn ohun ọ̀gbìn kan wà tí ìran wọn ti ń gbé lábẹ́ igi ńlá inú igbó láti ọjọ́ pípẹ́. Ewé wọn sábà máa ń fẹ̀, kí ó lè gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó bá dé ilẹ̀. Àwọn wọ̀nyí là ń wá.

Báwo lẹ ṣe lè mọ bí ibòòji náà ti pọ̀ tó?

Ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́. Ẹ lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́. Ẹ na ọwọ́ sókè ìwé náà ní nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan.

1. Bí òjìji ọwọ́ yín bá hàn kedere, tí ẹ lè ka ìka rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ pọ̀.
2. Bí òjìji náà bá ṣe bàìbàì, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹ lè gbin ewébẹ̀ kan síbẹ̀.
3. Bí òjìji kò bá hàn, ṣùgbọ́n tí ẹ ṣì lè ka ìwé, ewé tí a fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ nìkan ló lè fara dà á.
4. Bí ẹ kò bá lè ka ìwé láìtan àtùpà, ẹ má gbin ohunkóhun síbẹ̀.

Fún ìkòkò ọbẹ̀ àti fún ọjà

*Gbúre.* Ó fẹ́ràn ibòòji àti ilẹ̀ tútù. Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ sì ri ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ẹ má fà á tu. Bí ẹ bá gé e, á tún rúwé. Omi pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí láti bu omi sí i bí ẹ bá ń sè é.

*Kókò.* Àwọn àgbẹ̀ ti ń gbìn ín sábẹ́ igi kòkó tipẹ́. Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ó ń tó wà ní nǹkan bí oṣù 9 sí 12. A ń jẹ iṣu rẹ̀, a sì ń fi ewé rẹ̀ tó ṣì rọ̀ se ọbẹ̀.

*Atalẹ̀.* Ibòòji díẹ̀ ló fẹ́, kì í ṣe ibi tó ṣókùnkùn. Ẹ gbin èyí tó ní ojú lára. Kò fẹ́ ibi tí omi ń dúró sí. Nígbà tí ewé rẹ̀ bá pọ́n tó sì ń gbẹ, ní nǹkan bí oṣù 8 sí 10, ẹ wà á.

*Ewé eéran.* Òun la fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Inú igbó, lábẹ́ igi, ló ti ń hù. Níbi tí igbó bá ti tán, ọ̀nà jíjìn là ń rìn kí a tó rí i. Ẹ hú gbòǹgbò rẹ̀ kan tó ní ojú, kí ẹ sì gbìn ín sí ilẹ̀ tútù lábẹ́ igi. Ẹni tó ń ta ẹ̀kọ yóò rí èrè nínú rẹ̀.

Fún inú ilé

Pèrègún tí a fi ń pààlà ilẹ̀ lè gbé inú ìkòkò lẹ́bàá fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀já-ìkookò, tí ewé rẹ̀ le tó sì dúró ṣánṣán bí idà. Àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń ra pèrègún àti ìran ọ̀já-ìkookò láti fi ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti wá.

Àwọn kan ń sọ pé ewé inú ilé máa ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́. Ní 1989, NASA ti Amẹ́ríkà tẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n inú àpótí tí a dé pa ni wọ́n ti ṣe é. Ilé tí à ń gbé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ewé láti gba èéfín ilé ìdáná. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí èéfín sì lè jáde.

Ìtọ́jú rẹ̀

Ilẹ̀ tó wà ní ibòòji kì í tètè gbẹ. Omi àpọ̀jù ń mú kí gbòǹgbò jẹrà. Kí ẹ tó bomi rin ín, ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ náà. Bí ó bá ṣì tutù nísàlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ti ọ̀já-ìkookò, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ dáadáa kí ẹ tó tún bomi sí i.

Gbòǹgbò igi máńgòrò máa ń bá ohun ọ̀gbìn du omi. Nítorí náà, ẹ lè gbin gbúre sínú àpò tàbí bàsíà tó ti jò. Bí ibòòji bá pọ̀ jù, ẹ gé ẹ̀ka díẹ̀ nísàlẹ̀ igi, kí ẹ má gé igi náà lulẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ògiri, ẹ fi ọ̀dà funfun kùn ún. Funfun máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sára ewé.

Ẹ ṣọ́ra o

Ẹ má jẹ kókò tútù, yálà iṣu tàbí ewé. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń gún ọ̀fun bí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́. Ẹ sè é kí ó jinná dáadáa.

Ewé òyìnbó kan wà tí wọ́n ń gbìn sínú ilé, tó fẹ̀, tó sì ní àmì funfun lára. Dieffenbachia ni wọ́n ń pè é. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹnu àti ahọ́n rẹ̀ lè wú. Ẹ nu ẹnu ọmọ náà, ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má fipá mú un bì. Ilé tí ọmọdé wà, kí a má gbin irú rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí omi dúró sínú àwo abẹ́ ìkòkò. Ẹ̀fọn tó ń gbé àrùn dengue kiri máa ń yé ẹyin sínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ẹ máa dà á nù lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ sì fọ àwo náà.

Ẹ má gbin ohun jíjẹ sínú bídọ̀ǹ tó ti gba oògùn kòkòrò rí. Bí ẹ tilẹ̀ fọ̀ ọ́, májèlé lè ṣẹ́kù sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò rẹ̀

1. Ibo ni oòrùn kò dé nínú àgbàlá yín? Kí lẹ ti gbìn síbẹ̀ rí?
2. Nínú gbúre, kókò, atalẹ̀ àti ewé eéran, èwo ló ń tà jù ní ọjà yín?
3. Ta ni ní abúlé yín tó lè fún yín ní ọ̀pá gbúre díẹ̀ kí òjò tó dé?