Tramadol Di Bárakú Fún Ọmọ: Kí Ni Kí Ìyá Ṣe?

Bí olè bá wọ ilé, gbogbo àdúgbò ni yóò pariwo. Ṣùgbọ́n bí oògùn kẹ́míìsì bá sọ ọmọ ilé di ẹrú, ńṣe ni ìyá máa ń ti ilẹ̀kùn pa, tí bàbá á sì wolẹ̀, kí ará ilé kejì má baà gbọ́. Ìyá á fi ẹ̀jẹ̀ sínú, á tu itọ́ funfun síta, á gbé igbá rẹ̀ lọ sọ́jà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Àṣírí yìí gan-an ló ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìta nìkan ni o. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, já wọ ilé ńlá kan ní VGC, lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ajah. Kì í ṣe igbó ni wọ́n bá níbẹ̀, kì í sì í ṣe kokéènì. Tramadol ni, hóró tó lé ní 13 mílíọ̀nù! Agbára hóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ 225, bẹ́ẹ̀ NAFDAC kò fọwọ́ sí èyí tó bá ju 100 lọ. Kì í ṣe olówó tó ń gbé VGC ni yóò gbé gbogbo hóró yẹn mì. Ibi tí mẹ̀kúnnù wà ni irú ọjà bẹ́ẹ̀ ń lọ: ibùdókọ̀, ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ẹ̀yìn ọjà.

Ìwádìí kan tí ìjọba àti àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019 sọ pé 4.6 mílíọ̀nù èèyàn ní Nàìjíríà ló lo oògùn apàrora bíi tramadol àti kodíìnì láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún wọn. Nínú gbogbo ìpínlẹ̀, Èkó ni lílo oògùn olóró ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá sì ka mẹ́rin nínú àwọn tó ń lò ó, obìnrin ni ọ̀kan.

BÓ ṢE Ń BẸ̀RẸ̀

Tramadol kì í ṣe májèlé láti ilẹ̀. Oògùn ìrora ni, dókítà sì ń fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Àmọ́ bíríkìlà tó ń ru búlọ́ọ̀kù látàárọ̀ ní Sángòtẹ́dó á gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ pé bí òun bá gbé ẹyọ kan mì, ẹ̀yìn ò ní dun òun mọ́. Lóòótọ́, kò ní dùn ún lọ́jọ́ náà. Awakọ̀ dánfó á gbé tirẹ̀ mì kó lè tún rìn sí i. Ìyá tó ń ru ẹrù á gbé e mì nítorí ọrùn. Kò pẹ́, ọ̀kan ò ran ara mọ́. Ó di méjì, ó di mẹ́rin.

Nígbà tí ara bá ti mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tí kò bá rí i lò, òógùn á bò ó, imú á máa ṣàn, egungun á máa ro ó, á máa ṣu, á máa bì, oorun á dá lójú rẹ̀. Nígbà yẹn, kì í ṣe ìgbádùn ló ń wá mọ́. Kí ìyà yẹn lè fi í sílẹ̀ ló ṣe ń gbé e mì. Ọmọ tó ń jí owó ọjà ìyá rẹ̀ lè máà kórìíra ìyá rẹ̀ rárá. Ara ló ń lé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ikọ́ tó ní kodíìnì. Lẹ́yìn tí BBC tú àṣírí òwò ọ̀hún, ìjọba àpapọ̀ fòfin dè é ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2018. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kì í wo ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n sàn.

ẸGBA ÀTI ṢẸ́KẸ́ṢẸKẸ̀ KỌ́

Ọ̀pọ̀ ìdílé, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí wọn lọ́kàn ni pé ayé ló ń ṣe é. Wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti so ó mọ́lẹ̀, tí wọ́n á máa nà án. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ọlọ́pàá tú èèyàn 259 sílẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ní agbègbè Ọ́jọ̀ọ́, n'Ìbàdàn. Mọ̀lẹ́bí àwọn kan nínú wọn ló mú wọn lọ, wọ́n rò pé ìwà wọn á tún ṣe níbẹ̀.

Àdúrà dára, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ewu tó wà nínú ìdè: ara tó ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò lè gbé iye tó ń gbé tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, tó tún gbé iye tó mọ̀ mì, ó lè kú lóru ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ti ń lo Valium tàbí Lexotan pẹ́, bí wọ́n bá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, gìrì lè mú un, ó sì lè pa á. Dókítà ló mọ bí wọ́n ṣe ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

OHUN TÍ ARÁ ILÉ LÈ ṢE

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ tí ojú rẹ̀ dá, kì í ṣe lóru tí oògùn ṣì wà lójú rẹ̀. Ẹ fi èpè sílẹ̀. "Ọmọ mi, o ò jẹun mọ́, o ò sùn mọ́, ara rẹ ò yá. Jẹ́ ká jọ lọ rí dókítà." Ó tó.

Ẹ má kó owó lé e lọ́wọ́, ẹ má sì bá a san gbèsè ẹni tó ń tà á fún un. Bí ebi bá ń pa á, oúnjẹ ni kẹ́ ẹ fún un. Owó òwò yín, ẹ gbé e fún alájọ tàbí báǹkì, kó má sùn nílé. Kì í ṣe ìkà. Ìyá tí òwò rẹ̀ bá dẹnu kọlẹ̀, kí ni yóò fi san owó ọsibítù?

Kí ẹnu ilé sì ṣọ̀kan. Bí ìyá bá ní rárá, tí ìyá àgbà ń yọ́ owó fún un lẹ́yìn ilé, asán ni.

Yábàá Lẹ́fìtì tí àwọn èèyàn fi ń bú ara wọn, tó ti wà látọdún 1907, kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú ẹni tí oògùn ti di bárakú fún. Wọ́n ń ṣe irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní ọsibítù Àrò l'Ábẹ́òkúta náà. Ẹni tí kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀, NDLEA ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ fún ìmọ̀ràn, tọ̀sántòru: 0800 1020 3040.

Bí ẹ bá bá a nílẹ̀ tí kò jí, tó ń hanrun lódìlódì, tí mímí rẹ̀ ń falẹ̀, ẹ má rọ epo tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ẹ má da omi tútù lé e lórí. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù, kẹ́ ẹ mú páálí oògùn náà dání. Abẹ́rẹ́ wà tó lè jí i. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Ajah kò sì mọ pàjáwìrì, nítorí náà, ẹ ti mọ ọsibítù tó sún mọ́ yín jù kí ọjọ́ náà tó dé.

BÓ BÁ TÚN PADÀ SÍDÌÍ Ẹ̀

Ọ̀pọ̀ ló ń fi í sílẹ̀ tí wọ́n tún ń padà, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ pátápátá. Ẹ má sọ pé owó ti ṣòfò. Ẹni tí ibà tún mú lẹ́ẹ̀kejì, wọn kì í jù ú síta. Bí ọwọ́ òsì bá na ọmọ, kí ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Kí ìyá pàápàá wá ẹnì kan tó lè finú hàn, tí kò ní tú u sójú ọjà, kó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ wò.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀yin oníkẹ́míìsì, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ọ̀gá tó bá ń fún ọmọṣẹ́ ní hóró kí iṣẹ́ lè yá, àti ẹni tó bá ń tà á láìrí ìwé dókítà, èrè òòjọ́ wọn ni wọ́n ń wò. Ìyá kan tó ń ta ẹja ní Ajah ni yóò san gbèsè ọ̀hún.