Ẹ̀fúùfù Tó Ń Pààrọ̀ Ipò Lókè Agbedeméjì Ayé

Ọyẹ́ kì í fẹ́ nígbà òjò; olúkúlùkù afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa ló ní àsìkò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀fúùfù kan wà lókè agbedeméjì ayé tí kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀ sí òjò. Bí kìlómítà 16 sókè ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ga ju ibi tí bàálù èrò ń gbà lọ. Bó bá ti ìlà-oòrùn fẹ́ yí ayé ká fún bí ọdún kan, á rọlẹ̀, ti ìwọ̀-oòrùn á sì gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọdẹ aṣọ́de. Bí oṣù 28 ni àyípo kan ń gbà.

Ní 1883, òkè oníná Krakatoa bú gbàù ní Indonéṣíà. Eérú rẹ̀ gba òkè lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì yí ayé po láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì; ìyẹn ni pé ìlà-oòrùn ni ẹ̀fúùfù tó gbé e ti fẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1908, onímọ̀ ojú ọjọ́ Arthur Berson fi bàlúùnù wo òkè ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ó sì bá afẹ́fẹ́ tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà rú àwọn onímọ̀ lójú títí di nǹkan bí 1960, nígbà tí Richard Reed ní Amẹ́ríkà àti R. A. Ebdon ní Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ńṣe ni ẹ̀fúùfù méjèèjì ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn.

Kí ló ń tì wọ́n? Òjò àrá ilẹ̀ olóoru ni. Bí ìkùukùu ńlá bá ru sókè, ó ń da òfurufú rú, ìgbì tí ojú kò rí á sì máa gòkè. Ẹ̀fúùfù máa ń gba ìgbì tó ń bá a rìn síhà kan náà mọ́ra. Ìgbì tó dojú kọ ọ́ ló ń kọjá lọ sókè, tó sì ń dá ẹ̀fúùfù tuntun sílẹ̀ níbẹ̀. Tuntun náà á máa sọ̀kalẹ̀ ní bí kìlómítà kan lóṣù, títí tí á fi lé ti àtijọ́ kúrò. Àwọn onímọ̀ Richard Lindzen àti James Holton ló là á yé wa ní 1968.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, ẹ̀fúùfù ìlà-oòrùn já wọ àárín ti ìwọ̀-oòrùn lójijì. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n ní 1953. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ìparí 2019 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2020.

Àwọn tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ òtútù Yúróòpù ń ṣọ́ ẹ̀fúùfù yìí lójú méjèèjì, torí bí ti ìwọ̀-oòrùn bá ń fẹ́, òtútù Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń rọjú. Àwa tí àrá ń sán lórí ilẹ̀ wa ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ náà: òjò ilẹ̀ olóoru, tiwa náà wà nínú rẹ̀, ló ń fún un lágbára. Ó yẹ kí a máa wọn ìjì wa dáadáa, fún ara wa àti fún gbogbo ayé.