Ọmọ ti gba líísáǹsì ìkọ́lé: kí ló tún ń wá ní másítà?

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Kétu, Ṣábẹ̀ àti Àjàṣẹ́, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń wáyé bí ọmọ bá parí ọdún 3 ní yunifásítì nínú ìmọ̀ ìkọ́lé, ọ̀nà àti afárá, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní génie civil. Bàbá á ní ó tó gẹ́ẹ́, kó lọ wá iṣẹ́. Ọmọ á ní ó ku ọdún 2 kí òun tó gba másítà. Owó ọdún 2 kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ń ta gàrí tàbí àgbàdo. Ó yẹ kí òbí mọ ohun tó fẹ́ fi owó rẹ̀ rà.

Ẹni tó ní líísáǹsì lè dúró níbi iṣẹ́, kó ka àwòrán ilé, kó sì máa bójú tó àwọn bíríkìlà. Ìṣirò tó wà lẹ́yìn àwòrán náà ni iṣẹ́ ẹni tó ní másítà: báwo ni òpó ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, irin mélòó ni yóò wọ inú rẹ̀, ṣé ilẹ̀ yìí lè gbé ilé alájà mẹ́ta?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí kàn wá gan-an. Ẹni tó bá ti dé ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, láàárín Pobẹ̀ àti Kétu, mọ amọ̀ dúdú ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, á mu omi, á wú, á lẹ̀ mọ́ táyà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á súnkì, á sì la ẹnu. Ògiri tí wọ́n kọ́ lé e lórí á máa bá a gòkè, á máa bá a sọ̀ kalẹ̀, títí yóò fi sán. Wọ́n á ní bíríkìlà ló jí sìmẹ́ǹtì. Nígbà mìíràn òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ilẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ wò nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi omi pò ó, á fi sínú àwo idẹ kékeré, á la ojú ọ̀nà sí i láàárín. Á wá máa yí ọwọ́ ẹ̀rọ kan, àwo náà á máa gòkè, á máa já lulẹ̀. Ìwọ̀n omi tó jẹ́ kí ojú ọ̀nà náà padé nígbà tí àwo bá já ní ìgbà 25 ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Albert Atterberg, ará Swídìn, ló fi ìpìlẹ̀ ìwọ̀n yìí lélẹ̀ ní 1911. Ọmọ líísáǹsì náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí másítà fi kún un ni ìpinnu: ṣé kí wọ́n kó amọ̀ náà dànù, ṣé kí wọ́n po ẹfun jíjó, ìyẹn chaux, mọ́ ọn kó lè rọlẹ̀, àbí kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ kọjá rẹ̀?

Ní Bẹ̀nẹ̀, ti ìjọba ni EPAC ní Yunifásítì Abomey-Calavi àti UNSTIM ní Àgbómẹ̀. Àwọn kan ń lọ sí 2iE ní Ouagadougou. Ètò Nàìjíríà yàtọ̀: ọdún 5 ni oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ń gbà níbẹ̀, kí másítà tó bẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìjọba kí owó tó jáde lápò yín. Ẹ béèrè bóyá CAMES, àjọ tó ń yẹ ìwé-ẹ̀rí wò fún Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ti fọwọ́ sí másítà náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé yàrá tí wọ́n ti ń dán ilẹ̀ wò, àti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ kọnkéré tó ti pé ọjọ́ 28 láti mọ agbára rẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ dá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó lè fi líísáǹsì ṣiṣẹ́ ọdún kan tàbí méjì kó tó padà. Lójú tèmi, irú wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tí olùkọ́ ń sọ, nítorí wọ́n ti rí ògiri tó sán.