Mímọ Ibi tí Àṣìṣe ti Wọlé: Pákéèjì Emacs àti Kíkọ “Abẹ́òkúta” lórí Kọ̀ǹpútà

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí èdè Yorùbá ló máa ń pa ẹ́dítọ̀ tó dára tì nítorí pé pákéèjì kan kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wọn. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé pé gbólóhùn àṣìṣe tí ẹ́dítọ̀ bá kọ sójú kọ̀ǹpútà máa ń tọ́ka sí ìpele kan pàtó nínú ìrìn-àjò pákéèjì, àti pé ẹni tó bá dá ìpele náà mọ̀ ti dé ìdajì àtúnṣe. Emacs ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ ìlú Abẹ́òkúta ni a sì fi dán an wò bóyá iṣẹ́ náà parí lóòótọ́.

Ìfáàrà

Ìtàn ìwé títẹ̀ ní èdè Yorùbá kò lè fo Abẹ́òkúta dá. Níbẹ̀ ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ C.M.S., ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859. Ìwé ìròyìn náà dúró ní 1867, ọdún tí a lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú nínú rògbòdìyàn tí a mọ̀ sí Ìfọ́lé. Láyé ìgbà náà, lẹ́tà irin ni atẹ̀wé máa ń tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà tí kò bá sí nínú àpótí rẹ̀ kò lè dé orí ìwé, bó ti wù kí òǹkọ̀wé mọ̀ ọ́n kọ tó.

Kọ̀ǹpútà ti gba ipò àpótí náà lónìí, ṣùgbọ́n ìṣòro náà kò tíì tán. Ẹni tí ẹ́dítọ̀ rẹ̀ kò bá gbọ́ràn sí lẹ́nu, tí kò sì mọ ìdí rẹ̀, sábà máa ń padà sí kíkọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ohun tí èyí ń bà jẹ́ kò jìnnà rárá: Ògùn ni odò tó ṣàn kọjá Abẹ́òkúta, Ògún ni òrìṣà irin, ogun ni ìjà, ogún sì ni ohun tí òkú fi sílẹ̀ fún ọmọ. Bí a bá yọ àmì ohùn kúrò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀rọ̀ kan náà lójú ẹ̀rọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ nípa pákéèjì tí kò wọlé kan onímọ̀ èdè gan-an bí ó ti kan onímọ̀ ẹ̀rọ.

Ìrìn-àjò pákéèjì láti àká dé inú ẹ́dítọ̀

Ẹ́dítọ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ tí a sì fi ń tún un ṣe, láìda ọ̀ṣọ́ ojú ìwé pọ̀ mọ́ ọn. GNU Emacs, tí Richard Stallman gbé jáde fún gbogbo ènìyàn ní 1985, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, ọ̀fẹ́ sì ni. Pákéèjì ni ìdì fáìlì tó ń fi iṣẹ́ tuntun kún iṣẹ́ tí ẹ́dítọ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ẹ̀dà 24, tó jáde ní 2012, ni Emacs ti ní ètò tirẹ̀ fún gbígba pákéèjì láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí sáfà tí a lè pè ní àká ni àwọn pákéèjì wà. GNU ELPA ni àká tí Emacs mọ̀ láti ilẹ̀. Láti ẹ̀dà 28 ni NonGNU ELPA ti kún un. MELPA, tí ó ní pákéèjì púpọ̀ jù wọ́n lọ, kò sí lára wọn àfi bí ẹni tó ń lò ó bá fi orúkọ rẹ̀ sínú ètò ara rẹ̀.

Ìpele márùn-ún ni pákéèjì ń là kọjá. Emacs yóò kọ́kọ́ wo àkójọ orúkọ ohun tó wà nínú àká. Lẹ́yìn èyí, yóò gba ìdì náà wálé. Yóò yẹ òǹtẹ̀ àká wò kí ó lè mọ̀ pé ayédèrú kọ́. Yóò tú ìdì náà sínú fódà “elpa” tó wà nínú fódà “.emacs.d”. Níkẹyìn, yóò pè é wọlé nígbà tí a bá fẹ́ lò ó. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí a wo ìpele tí nǹkan ti dúró kí a tó sọ pé báyìí ni àṣìṣe náà ṣe jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Abẹ́òkúta tó ń kọ àpilẹ̀kọ oyè lórí ìtàn Lísàbí, tó sì fẹ́ fi LaTeX to iṣẹ́ rẹ̀. Pákéèjì tí ó nílò ni “auctex”, èyí tó wà nínú GNU ELPA.

Àṣìṣe níbi ìwákiri

Bí Emacs bá sọ pé “Package is unavailable”, kò sọ pé irú pákéèjì bẹ́ẹ̀ kò sí láyé. Ohun tó ń sọ ni pé orúkọ náà kò sí nínú àkójọ tó wà lórí kọ̀ǹpútà yìí. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á: a kò tíì gba àkójọ náà rárá, a ṣi orúkọ kọ, tàbí àká tí pákéèjì náà wà kò sí lára èyí tí a fi han Emacs. Àṣẹ “M-x package-refresh-contents” ni yóò gba àkójọ tuntun. Bí orúkọ náà kò bá tún hàn lẹ́yìn èyí, kí a yẹ “package-archives” wò láti mọ àwọn àká tí Emacs mọ̀.

“Not found” yàtọ̀ sí èyí. Orúkọ wà nínú àkójọ, ṣùgbọ́n fáìlì kò sí nínú àká mọ́. MELPA máa ń kó ẹ̀dà àtijọ́ kúrò nígbà tí tuntun bá jáde. Ẹni tó bá di àkójọ oṣù mẹ́ta sẹ́yìn mú dà bí ẹni tó ń béèrè irú àdìrẹ kan lọ́wọ́ ìyá tó ti tà á tán. Àkójọ tuntun náà ni oògùn rẹ̀.

Àṣìṣe níbi ìgbàsílẹ̀ àti òǹtẹ̀

Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, tí dátà sì lè tán láìròtẹ́lẹ̀, ìdì lè dé ní ààbọ̀. “End of file during parsing” sábà máa ń jẹ́ àmì irú èyí: Emacs ń ka fáìlì, fáìlì sì parí níbi tí kò yẹ kó parí sí. Kí a pa fódà pákéèjì náà rẹ́ nínú “elpa”, kí a sì gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá jẹ́ pé fáìlì ètò tí òǹkọ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni gbólóhùn náà ń tọ́ka sí, àmì àkámọ́ kan ni kò ní ìparí.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí ni ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà. Bátìrì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń bá a ka ọjọ́ nígbà tí iná kò sí. Nínú kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, bátìrì yìí lè ti kú, kí ẹ̀rọ náà sì máa rò pé ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni òun ṣì wà. Ìwé ẹ̀rí tí sáfà fi ń fi ara rẹ̀ hàn ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí; bí ọjọ́ kọ̀ǹpútà kò bá bọ́ sáàárín méjèèjì, Emacs yóò kìlọ̀ pé ìwé ẹ̀rí náà kò ṣeé gbà. Kí a tún ọjọ́ ṣe kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Òǹtẹ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ní 2019, ọjọ́ kọ́kọ́rọ́ tí GNU ELPA fi ń lu òǹtẹ̀ pé, àwọn tó ń lo ẹ̀dà àtijọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí “Failed to verify signature”. Emacs 26.3 gbé kọ́kọ́rọ́ tuntun wá. Pákéèjì “gnu-elpa-keyring-update” sì wà fún àwọn tó ń lo ẹ̀dà tó ṣáájú rẹ̀. Nítorí pé òǹtẹ̀ kò ní jẹ́ kí pákéèjì náà fúnra rẹ̀ wọlé, a ó sọ “package-check-signature” di “nil” fún ìgbà díẹ̀, a ó gbà á, a ó sì dá ìyẹ̀wò náà padà lójú ẹsẹ̀. Kò yẹ kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ètò tí a bá gbà láìyẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ wò lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Àṣìṣe níbi ìpè

“Cannot open load file” túmọ̀ sí pé a pe orúkọ kan, Emacs wá a kiri nínú gbogbo fódà tó mọ̀, kò sì rí i. Ó lè jẹ́ pé pákéèjì kò wọlé rárá. Ó tún lè jẹ́ pé ó wọlé, ṣùgbọ́n orúkọ tí a fi pè é kì í ṣe tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yóò bá èyí pàdé: “auctex” ni orúkọ tí a fi ń gba pákéèjì náà láti inú àká, ṣùgbọ́n “tex” ni a máa ń pè nínú fáìlì ètò. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí lè gbà á nígbà mẹ́wàá láìrí ojútùú, nígbà tó jẹ́ pé ìpè ni ó ṣì í.

Ẹ̀dà tún lè fà á. Ṣáájú Emacs 27, fáìlì ètò ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe “package-initialize” bí ó bá fẹ́ lo pákéèjì nínú ara rẹ̀. Láti 27 ni Emacs ti ń ṣe èyí fúnra rẹ̀. Ìlànà tí a rí nínú ìwé àtijọ́ lè má bá kọ̀ǹpútà tuntun mu, ti tuntun náà sì lè má bá àtijọ́ mu. Bí a bá rí “Symbol’s function definition is void”, iṣẹ́ kan ni a bẹ̀, tí ẹni tí yóò ṣe é kò tíì dé tàbí tí kò sí nínú ẹ̀dà yìí.

“Searching for program: No such file or directory” tún yàtọ̀. Pákéèjì ti wọlé dáadáa. Ètò mìíràn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ni kò sí. “auctex” kì í ṣe LaTeX, ìránṣẹ́ rẹ̀ ni. LaTeX fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà.

Bí ohun tó ń fa àṣìṣe bá ṣókùnkùn, ọ̀nà ìyẹ̀wò méjì wà. “emacs -Q” máa ń ṣí ẹ́dítọ̀ láìka fáìlì ètò kankan. Bí àṣìṣe bá lọ, inú fáìlì ètò ni ó wà. “emacs --debug-init” yóò sì fi ibi tí ìkàwé náà ti dúró hàn. Bí èyí kò bá tó, kí a mú ìdajì fáìlì ètò kúrò, kí a wo èyí tí àṣìṣe bá lọ nínú ìdajì méjèèjì, kí a sì tún ìyẹn pín, títí a ó fi dé orí ìlà kan ṣoṣo.

Pákéèjì wọlé, Abẹ́òkúta kò bára mu

Ìgbà tí gbogbo gbólóhùn àṣìṣe bá ti kúrò lójú kọ̀ǹpútà ni èyí tó le jù ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò ní gbólóhùn kankan. Lẹ́tà mẹ́jọ ni ojú ń rí nínú “Abẹ́òkúta”. Nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún “ẹ́”. Kíbọ́ọ̀dù kan lè fi U+1EB9, tí í ṣe “ẹ”, ṣáájú, kí ó fi àmì ohùn òkè, U+0301, tẹ̀ lé e. Òmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti “é”, U+00E9, kí ó fi àmì abẹ́ lẹ́tà, U+0323, kún un. Òmíràn lè tú gbogbo lẹ́tà àti àmì palẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ yóò fún “Abẹ́òkúta” ní nọ́ńbà mẹ́sàn-án tí kò dọ́gba. Ẹ̀kẹta yóò fún un ní méjìlá. Ojú lè má rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rí i. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ “Ẹ̀gbá” rí.

Ohun tí èyí lè bà jẹ́ nínú ìwádìí kò kéré. Bí ènìyàn mẹ́ta bá tẹ ìtàn ẹnu tí a gbà sílẹ̀, tí kíbọ́ọ̀dù wọn kò sì bára mu, aṣèwádìí tó bá wá “Abẹ́òkúta” nínú àkójọ náà lè rí ti ẹnì kan péré. Yóò ka iye rẹ̀, yóò kọ ọ́ sínú tábìlì, kò sì ní mọ̀ pé iye náà kì í ṣe òótọ́.

Emacs ní ohun tí a fi ń yẹ èyí wò. Bí a bá gbé atọ́ka sórí lẹ́tà, tí a tẹ “C-u C-x =”, yóò sọ nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti fi ẹ̀dà fáìlì náà pamọ́, kí a mú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí a sì pe “M-x ucs-normalize-NFC-region”. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta òkè yìí yóò di ọ̀kan. Àwọn tó ń fa ìlà kékeré, U+0329, sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tó-tó kò sí lára èyí, nítorí àmì mìíràn ni lójú Unicode. Ọwọ́ ni a ó fi pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú “M-x query-replace”. Kí a rí i dájú pé UTF-8 ni a fi pa fáìlì náà mọ́.

Ìkádìí

Kò sí èyí tó ṣòro jù nínú àwọn àtúnṣe tí a kà sílẹ̀ yìí. Ohun tó ń mú wọn ṣòro ni kí a máa ka gbogbo àṣìṣe sí ọ̀kan náà. Kí a da gbólóhùn náà kọ bó ti wà kí a tó pa á rẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Kí a béèrè bóyá ìwákiri, ìgbàsílẹ̀, òǹtẹ̀, ìtúdì tàbí ìpè ni ó kan. Kí a sì tún ìpele yẹn nìkan ṣe. Bí pákéèjì bá ti wọlé, kí a kọ “Abẹ́òkúta”, kí a pa fáìlì náà mọ́, kí a ṣí i padà, kí a sì wá orúkọ náà nínú gbogbo ohun tí a ti kó jọ. Ìgbà tí ẹ́dítọ̀ bá rí i ní gbogbo ibi tí ó wà ni iye tí aṣèwádìí bá kọ sínú iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.