Sínóò Forest Hill Lójú Rédà

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì 2009, wọ́n kó gbogbo bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ́nù kúrò lójú títì nítorí sínóò. Láti ìgbà náà ni àwa kan ti ń wo rédà òjò kí a tó sùn.

Sínóò ọjọ́ yẹn, láti Òkun Àríwá ló ti wá. Nítorí náà, bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn, ẹnu odò Thames la kọ́kọ́ ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n rédà máa ń tanni o! Òkè lófuurufú ló ń wò. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ lè gbé ohun tó rí mì kó tó kanlẹ̀. A ti jí gbogbo ilé lórí irú ẹ̀ rí, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ojú wa rí nǹkan lọ́jọ́ náà.

Òjò lásán sì lè máa rọ̀ ní Peckham nísàlẹ̀, kó jẹ́ sínóò ní òkè Horniman, torí òkè tutù jù. Abẹ́ iná títì la fi ń mọ̀ ọ́n: bó bá ń fò bí ẹ̀gbọ̀n òwú, òun ni. Bó bá wá ń lẹ̀ mọ́ orí mọ́tò, a ó pe ara wa lórí fóònù, kí àwọn oníṣẹ́ ìdájí tètè jáde, kí wọ́n rọra fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibùdó rélùwéè.